Fóònù Tí A Gbé Wálé Láìsí Páálí

Sìkírá mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Làmídì,

Mo kí ọ o, ọmọ mi. O kú iṣẹ́ tuntun, o kú ìlú àjèjì. Ṣé ara le? Ṣé àwọn ọmọ ilé ìwé yẹn kì í dà ọ́ láàmú jù? Bá mi kí Jàmíù àna mi. Àwa náà wà níbí ní Ẹ̀gbẹ́dá. Bàbá Rìdíwánù ní kí n kí ọ, ó wà níta níbi máṣíìnì ìránṣọ ẹ̀, mò ń gbọ́ ìró ẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Má jẹ́ kí àyà ẹ já. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, tí èèyàn bá kọ lẹ́tà sí yín, ẹ máa rò pé ẹnì kan ti kú ni. Kò sẹ́ni tó kú. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, o ti sunkún ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Jàmíù tó ń padà sí Ìlọrin ni mo ní kó bá mi mú lẹ́tà yìí dání.

Ọ̀rọ̀ náà kò gba ẹnu mi ni. O mọ ìyá ẹ. Títí di ìsinsìnyí tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn, etí ìborùn ni mo máa ń fi bo ẹnu. Mo rò pé bóyá ìwé á gbà á ju ẹnu lọ. Ìwé tí mo kà náà kò sì pọ̀, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gan-an mi ò ṣe é tán. Níbi tí mo bá ti ṣì í kọ, ṣàánú mi, má fi báírò pupa sí i bí o ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ yẹn.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀, ohun méjì ni o bèèrè. O kọ́kọ́ ní, “Màámi, fóònù kan wà ní ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì kan níbí, wọ́n ti lẹ iye ẹ̀ mọ́ ọn, wọn ò sì fẹ́ kéèyàn ná an. Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó ní irú ẹ̀, tókunbọ̀ ni, ìdajì ló máa gbà. Ṣé kí n san owó kíkún ni, àbí kí n ṣe bíi Bàbá mi?” Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rẹ́rìn-ín tán tí o fi ní, “Tí mo bá ti rà á, kí ẹ fi ohùn Bàbá mi ránṣẹ́ sí mi o, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún ọjọ́ yìgì mi. Mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́ ọ níbẹ̀.”

Mo pa fóònù. Nígbà tí o tún pè, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọmọ mi.

Ohùn yẹn kò sí mọ́. Jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí n tó tún wá ọ̀nà yí i ká. Kò sí mọ́, kò sì sí ibi tí mi ò wá a dé. Jókòó, rọra kà á. Ìbéèrè méjèèjì tí o bèèrè yẹn, ibì kan náà ni ìdáhùn wọn wà.

Bàbá ẹ kì í san iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ. Ẹni tó ń ta ìṣó fún un ní Ìkọ̀tún mọ̀ ọ́n dé ibi pé, tó bá ti rí i lókèèrè, á ti fi nǹkan lé owó ìṣó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kí ó lè rí nǹkan yọ kúrò. Bàbá ẹ náà sì mọ̀ pé ó ti fi lé e. Àwọn méjèèjì á máa pariwo mọ́ ara wọn, wọ́n á bú ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, tí wọ́n bá parí, iye tí gbogbo ayé ń rà á náà ni Bàbá ẹ máa san. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀ á dùn délé. Á jókòó, á na ẹsẹ̀, á ní, “Ìyá Sìkírá, mo ná an débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.”

Káfíńtà òrùlé ni, o mọ̀. Àwọn ilé tuntun tó kún Ayọ̀bọ̀ yẹn, ó gun orí púpọ̀ nínú wọn. Àwọn onílé náà a sì máa ná iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ bí ẹni ná ẹja, tí oòrùn á sì ti pa á tán lórí òrùlé. Mo máa ń rò ó pé ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ilé ayé ń gé tiẹ̀, òun náà fẹ́ ibì kan tí òun ti lè gé díẹ̀.

Nígbà tí àìsàn inú yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dá a dùbúlẹ̀, ìwọ ti lọ sí ilé ìwé àwọn olùkọ́. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ló ń lò. Ó ní òun fẹ́ èyí tí òun á máa fi rí ojú ẹ. A jọ lọ sí Ìkọ̀tún. Kò lè yára rìn mọ́, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, “Má jẹ́ kí ọlọ́jà mọ̀ pé ara mi ò yá o. Tí wọ́n bá ti rí aláìsàn, wọ́n mọ̀ pé kò lè rìn dé ṣọ́ọ̀bù kejì.”

Ọkùnrin tó ń tà á yọ ọ̀kan jáde nínú páálí. Tuntun, ọ̀rá ṣì wà lójú ẹ̀. Ó tan án, ó fi ya Bàbá ẹ ní fọ́tò, ó fi hàn án. Bàbá ẹ wò ó títí. “Ta ni bàbá arúgbó yìí?” A rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè iye ẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ó ṣe ojú bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

“Àbúrò, ṣé fóònù nìkan lò ń tà fún mi, àbí àti ṣọ́ọ̀bù?”

“Dádì, iye ẹ̀ nìyẹn. Ó ní gàráńtì. Tó bá ṣe nǹkan, ẹ kàn gbé e wá.”

“Gàráńtì kẹ̀? Ṣé mo sọ fún ọ pé mo fẹ́ bà á jẹ́ ni?”

Ó ní ìdajì ẹ̀ lòun máa san. Ọkùnrin yẹn kàn ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ẹ dìde, ó di ejìká mi mú, a ń lọ. O mọ ìlọ ẹ̀ yẹn, ìlọ tí kì í ṣe ìlọ. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, ó ti rẹ̀ ẹ́, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n pè wá kí a tó dé títì. Wọ́n pè wá.

“Dádì, ẹ padà wá jàre. Tó bá jẹ́ iye tẹ́ ẹ sọ yẹn lẹ máa san, kì í ṣe èyí. Mo ní òmíì tó jọ ọ́.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú òmíì jáde lábẹ́ káńtà, wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé e. “Kò ní páálí o. Kò sí ìwé, kò sí gàráńtì. Bí ẹ ṣe rí i yẹn náà ni.”

Bàbá ẹ gbà á, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn. Ó dán bíi ti àkọ́kọ́. Ó tàn. Ó ní, “Ṣé páálí ni mo fẹ́ máa fi pe ọmọ mi ni?”

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fi ìborùn bo ẹnu. Nígbà tí a jáde ó ní, “Ìyá Sìkírá, wọ́n pè wá padà, àbí wọn ò pè wá padà?” Mo ní, “Wọ́n pè wá padà, Bàbá Sìkírá.” Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Mi ò rí i kí inú ẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bínú sí i, kódà lónìí.

Fóònù yẹn ṣiṣẹ́. Òun lẹ jọ máa ń fi rí ara yín, tí á ní kí o yíjú sí ìmọ́lẹ̀ kí òun lè wò bóyá o ti jẹun. Ọ̀sán ọjọ́ kan a gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìgàndò nítorí ooru. Èéfín ààtàn ń fẹ́ bọ̀, ó ń wúkọ́. Ó ní kí n mú fóònù wá kí n dì í mú sí ẹnu òun, pé òun fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa gbé jáde lọ́jọ́ yìgì ẹ. Mo ní, “Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.” Ó ń wò mí títí mo fi lọ mú un.

Nígbà tó sọ ọ́ tán, mo ní kí n fi ránṣẹ́ sí ọ. Ó ní rárá. “Tí o bá fi ránṣẹ́ báyìí, òní ló máa gbọ́ ọ, á sì sunkún. Ọjọ́ ayọ̀ ni mo sọ ọ́ fún. Jẹ́ kó wà níbẹ̀ dè é.” Ìwọ náà rántí pé ó sọ fún ọ pé òun ti tọ́jú nǹkan kan sílẹ̀. Inú fóònù yẹn nìkan ló wà, ọmọ mi. Kò sí níbòmíì.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ Bàbá ẹ, tí gbogbo èèyàn ti lọ, tí ìwọ náà ti padà sílé ìwé, ó wù mí kí n gbọ́ ohùn ẹ̀ díẹ̀. Mo ki ṣájà bọ̀ ọ́. Kò tàn. Mo rò pé iná ni kò dáa. Mo gbé e lọ sí ilé aládùúgbò tó ní jẹnẹrétọ̀. Kò tàn. Mo gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn ní Ìkọ̀tún. Ọkùnrin yẹn ò tiẹ̀ dá mi mọ̀.

“Mọ́mì, páálí ẹ̀ ńkọ́?”

Mo ní, “Ẹ ò fún wa ní páálí.”

“Ìwé ẹ̀ ńkọ́?”

Mo na fóònù nìkan sí i. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ má bínú. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé fóònù wá tí wọ́n ń sọ pé ọ̀dọ̀ mi làwọn ti rà á.” Kò bú mi. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù, pé kò sí ẹni tí mo lè bá jà.

Ẹni tó ń tún fóònù ṣe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ náà, tú u wò. Ó ní kí n sún mọ́ ọn kí n wo inú ẹ̀. Ó ní ẹlòmíì ti lò ó rí, ó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún, wọ́n fi iná lẹ̀ ẹ́, wọ́n pààrọ̀ èèpo ẹ̀, wọ́n wá nù ún kó lè dán, ká tó rà á. Ibi tó ń tọ́jú nǹkan sí ló ti jó. Ó ní, “Ẹ ní sùúrù, Ìyá.” Nígbà tí wọ́n bá ti ń ní kéèyàn ní sùúrù, o mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Ìdajì tí Bàbá ẹ yọ kúrò lórí owó yẹn, kì í ṣe ọlọ́jà ló pàdánù ẹ̀. Inú fóònù ni wọ́n ti yọ ọ́. Wọ́n dín owó, wọ́n sì dín ohun tí a gbé lọ, ṣùgbọ́n owó nìkan ni wọ́n jẹ́ ká rí.

Mo wé fóònù náà sínú fìlà Bàbá ẹ, èyí aláwọ̀ ewéko tó máa ń dé lọ sí Jímọ̀. Mo gbé e dání wá sí ilé yìí nígbà tí wọ́n mú mi wá.

Ojú ń tì mí láti kọ ibi tó kàn yìí. Ìyá ẹ ti di ìyàwó ọ̀sìngín lọ́jọ́ alẹ́. Àwọn obìnrin àdúgbò ibí kò ní jẹ́ kí n gbádùn, tí mo bá jáde láàárọ̀ wọ́n á ní, “Ìyàwó tuntun, ṣé wọ́n ti jẹ́ kẹ́ ẹ jí?” Màá sáré wọlé. Ìwọ ń múra àtiṣe ìyàwó, èmi náà ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. O sọ fún mi pé tó bá ti dáa fún mi, ó dáa fún ọ. Mo gbọ́. Mo sì tún mọ̀ pé o ò tíì wá sílé yìí rí. Mi ò fi ìyẹn bá ọ jà. Tí ẹsẹ̀ ẹ bá ti gbà á, ìrẹsì á wà nílẹ̀.

Bàbá Rìdíwánù kì í ná ọjà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a jọ jáde, fáànù onídùúró ni a lọ rà lójú ọ̀nà níbí. Ó bèèrè iye ẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń tà á sọ ọ́. Ó ki ọwọ́ bọ àpò. Mo fà á láṣọ.

“Ẹ ò ní ná an ni?”

“Kí ni màá ná? Ó ti sọ iye ẹ̀ fún mi.”

“Wọ́n máa ń fi lé e ni.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyàwó mi, tí ẹnì kan bá gbé aṣọ wá fún mi tó ná mi kọjá ààlà, màá rán an fún un. Ṣùgbọ́n òwú tí màá fi rán an, kì í ṣe òwú yẹn.” Ó wá yíjú sí ọmọbìnrin náà, ó ní kó fún òun ní risíìtì, kó lu òǹtẹ̀ sí ìwé gàráńtì, kó sì dá páálí padà sára ẹ̀. Mo ń wò ó bí ẹni tí kò mọ nǹkan. Mo ní nínú mi pé, Làmídì, ẹ wá wo ẹni tí mo fẹ́.

Fáànù yẹn kò pẹ́ tó fi dákẹ́. Mo ti ń rò ó pé wọ́n ti rẹ́ wa jẹ. Ó gbé e sínú páálí ẹ̀, ó mú ìwé ẹ̀, a wọ kẹ̀kẹ́ padà lọ. Ọmọbìnrin yẹn wo ìwé, ó wo fáànù, ó wọnú lọ, ó gbé tuntun jáde. Kò sí ariwo kankan. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún, Sìkírá. Láàárín ṣọ́ọ̀bù, níṣojú àwọn oníbàárà, èmi tí mi ò lè sọ̀rọ̀ níṣojú èèyàn. Ọmọ yẹn ń ní, “Mọ́mì, kí ló dé? A ti pààrọ̀ ẹ̀ fún yín o!” Ó rò pé nítorí fáànù ni.

Bàbá Rìdíwánù kò bèèrè nǹkan kan nínú kẹ̀kẹ́. Nígbà tí a délé, èmi ni mo ṣí àpótí, tí mo gbé fìlà yẹn fún un, tí mo sì sọ gbogbo ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó mú fóònù náà lọ sí Ìyànà Ìpájà, sọ́dọ̀ àwọn kan tí wọ́n ní wọ́n mọ̀ ọ́n jù. Wọ́n sọ iye tí wọ́n máa gbà, ó sì san án bó ṣe máa ń san nǹkan. Ó dé, ó wé e sínú fìlà padà bó ṣe bá a, ó rọra gbé e fún mi. “Wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.” Nítorí náà mo tún mọ ìyẹn pẹ̀lú, pé ohun kan wà tí owó kíkún náà kì í mú padà.

Òun ló wá bi mí pé, “Ta ló di fóònù mú fún un lọ́jọ́ náà?” Mo ní èmi ni. Ó ní, “Ìwọ ò wá gbọ́ ohun tó sọ ni?” Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Màá padà síbẹ̀.

Ó dáa, ìmọ̀ràn tí o bèèrè nìyí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó, bí wọ́n bá ṣe ń wá ni màá kọ wọ́n.

Èkíní, san owó kíkún fún fóònù yẹn. Áyọ́ọ̀nù, gílóòbù, kẹ́tù tí wọ́n fi ń se omi tíì, ná wọn bí o bá ṣe fẹ́, ra tókunbọ̀ tó bá wù ọ́. Tí áyọ́ọ̀nù bá kú, áyọ́ọ̀nù ló kú. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn máa wà nínú ẹ̀, ojú wọn, ohùn wọn, má wá ẹ̀dínwó lórí ẹ̀. Tí owó ò bá tíì pé, dúró. Lo èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ títí á fi pé.

Mi ò sọ pé tuntun kì í bàjẹ́ o. O ti gbọ́ ti fáànù. Tuntun ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí o máa gbé e lọ, wọn ò sì ní bi ọ́ ní ohun tí o ò ní.

Èkejì. Tí o bá ń ná ọjà, tí o lọ, tí wọ́n pè ọ́ padà, má wo ojú ọlọ́jà. Ọwọ́ ẹ̀ ni kí o wò. Ṣé èyí tí o ń ná náà ló ṣì wà níbẹ̀? Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ káńtà, máa lọ ilé ẹ. Ìdùnnú pé wọ́n pè wá padà ni kò jẹ́ ká rí ohun tí wọ́n pè wá padà wá gbà.

Wọ́n á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ ẹ á ní o ò mọ ọjà ná, pé àwọn mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á ní pọ́ọ́kú. Rẹ́rìn-ín sí wọn. Ọmọ Làmídì kò lè ṣàì mọ ọjà ná. O kàn mọ èyí tí wọn kì í ná ni.

Èyí tó kàn yìí jẹ́ ti ilé ọkọ. Tí Jàmíù bá jẹ́ irú ẹni tó ń san iye tí wọ́n sọ, má fà á láṣọ níwájú ọlọ́jà bí mo ṣe ṣe. Dúró dìgbà tí ẹ bá délé. Tó bá sì jẹ́ irú Bàbá ẹ, bá a lọ. Jẹ́ kó gbé ọwọ́ lé ọ léjìká. Tí gbogbo èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà ẹ̀, kí ìwọ náà rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ̀rín tí mo rín nìkan ni mi ò kábàámọ̀. Ì bá dùn mí ju fóònù lọ ká ní mo fojú burúkú wò ó lọ́jọ́ tó kẹ́yìn tí wọ́n pè é padà.

Ó ku ọ̀kan. Ohùn tí o bá fẹ́ràn, má fi sí ojú kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ rere tí o bá sì ní fún ẹnì kan, má tọ́jú ẹ̀ de ọjọ́ ayọ̀. Sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lásán, nígbà tó ń fọ abọ́. Bàbá ẹ rò pé ọjọ́ ayọ̀ nìkan ló yẹ ẹ́.

Ní báyìí, ohun tó sọ. Èmi ni mo di fóònù mú, mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bóyá mo gbàgbé díẹ̀. Mi ò fi tèmi kún un.

Ó ní: “Sìkírá. Àbẹ̀kẹ́. Bàbá ẹ ni o. Tí o bá ń gbọ́ èyí, a jẹ́ pé yìgì ti so. Ó ṣeun. Ẹ̀yin àna mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, kò sí ohun tí mo rà tí mi ò ná. Ẹ lọ bèèrè mi ní Ìkọ̀tún. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí, mi ò ná an lọ́wọ́ Ọlọ́run. Iye tó ní kí n san lórí ẹ̀ ni mo san, mi ò ní kó yọ kọ́bọ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ má ná an o.”

Ó wúkọ́. Mo ti ń sunkún. Ó ní, “Ìyá Sìkírá, má sunkún sínú ẹ̀, ó ń wọlé.” Ìyẹn ló jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọlọ́run á fi alùbáríkà sí i. Ó parí. Tẹ̀ ẹ́. Ṣé ó ti wọlé?”

Mo ní, “Ó ti wọlé.”

Gbogbo ẹ̀ nìyẹn, ọmọ mi.

Tí o bá ti ra fóònù yẹn, èmi ni kí o kọ́kọ́ pè. Màá wọ yàrá, màá ti ilẹ̀kùn, màá sọ gbogbo ohun tó wà lókè yìí bó ṣe sọ ọ́, kí o sì gbà á sílẹ̀. Ohùn mi kò dà bíi tiẹ̀, mo mọ̀. Lọ́jọ́ yìgì ẹ, kí wọ́n má gbé fóònù kankan jáde. Kí ìwọ tàbí Jàmíù sọ fún àwọn ààfáà pé ìyá ìyàwó ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n rán an. Màá dìde. Tí o bá rí i tí mo fi ìborùn bo ẹnu, juwọ́ sí mi kí n sọ ọ́ kalẹ̀. Bàbá Rìdíwánù máa dúró lẹ́yìn mi, tí o bá gbà bẹ́ẹ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ojú wa rí ọjọ́ náà, kí ẹsẹ̀ mi sì lè gbé mi dúró.

Ìyá ẹ tí ojú ń tì,
Ìyá Sìkírá.

Má gbàgbé, nígbà tí wọ́n bá gbé fóònù náà lé ọ lọ́wọ́, gba páálí ẹ̀.